Ìkòkò Aró Ìyá Àgbà

Òórùn ẹrẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó gbọ́ ohùn Baba. Ẹrẹ̀ odò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán ni, irú èyí tó máa ń rùn bí ẹja àná àti ewé tó ti jẹrà, ó sì gba ojú fèrèsé wọlé wá bá mi lórí ẹní. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi mí sílẹ̀ ni. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni mí nígbà náà, ó sì ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí n kò fi ẹnu kan ohunkóhun ju ẹ̀kọ gbígbóná lọ. Baba dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà oko lẹ́sẹ̀. Fìlà rẹ̀ kò sí lórí, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e bí ẹni gbé àwo ọbẹ̀ tó kún. "Muíbátù," ó ní, "dìde wá kí àlejò rẹ."

Ìjàpá kéékèèké mẹ́ta ló wà nínú fìlà náà. Kì í ṣe ìjàpá inú igbó tí gbogbo wa mọ̀, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ ga. Irú èyí tí ń gbé inú omi ni, ẹ̀yìn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, ọrùn wọn gùn, bí ẹ̀rù bá sì bà wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń ká a sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Iṣẹ́ òfì ni Baba ń ṣe ní iwájú ilé wa ní Ìsẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bó bá ti kírun àsùbáà tán, etí odò ló máa ń gbà lọ láti bomi rin ata rẹ̀. Ó ní òun ń gbẹ́ ìsàlẹ̀ odò kí omi lè sun, ni ọkọ́ òun bá kan ohun líle nínú ilẹ̀. Ó rò pé òkúta ni títí ọ̀kan fi yọ orí. N kò bi í léèrè ohun tí ẹran omi ń wá nínú ilẹ̀. Mo ti dìde jókòó, mo sì ti ń béèrè ọ̀lẹ̀lẹ̀.

Kí n tó lọ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tí mo ti jáde wá. Ìyá mi ń ta òwú fún àwọn ahunṣọ, kò sì sí ohun tó fọkàn tán láyé ju ojú ara rẹ̀ lọ. Bó bá di ẹnu àpò gààrí, òun nìkan ló mọ irú kókó tó ń ta síbẹ̀, bí ẹlòmíì bá tú u tó sì dì í padà, yóò mọ̀. Ó ń fi èédú sàmì sára ìgò epo. Kì í ṣe pé wọ́n bí i bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ tó ń mu nílé wa ló kó òwú rẹ̀ sá lọ nígbà tí mo wà lọ́mọ ọwọ́, láti ọjọ́ náà ni gbólóhùn méjì kò ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ mọ́: "Ìfura loògùn àgbà," àti "Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani." Baba a máa fi í rẹ́rìn-ín. Tirẹ̀ ni, "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìyá mi ló wọ̀ mí lára jù, torí òun ni mo máa ń bá lọ sọ́jà.

Ó wá ku ilé tí a ó fi àlejò wọ̀ sí. Báàfù ike ni mo kọ́kọ́ kó wọn sí, mo bu omi díẹ̀ lé wọn. Gbogbo ọjọ́ ni wọ́n fi ń fi èékánná họ ara ike náà, nígbà tí àgbébọ̀ adìẹ Ìyá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí sọ wọ́n lẹ́yìn, mo kó wọn kúrò níbẹ̀ lọ sínú agbọ̀n. Agbọ̀n ní ojú, ìjàpá ní èékánná. Kí a tó kírun Àsárì, ọ̀kan ti gun ara rẹ̀ jáde, abẹ́ àpótí aṣọ ni a ti rí i. Mo wá kó wọn sí korobá, mo rọ omi sí i dé ìdajì, mo rò pé mo ti ṣe é. Baba wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ yípo láìdúró. "Ìwọ náà," ó ní, "bí wọ́n bá sọ ọ́ sínú kànga tí kò sí ibi tí o lè fìdí lé, ṣé wàá pè é nílé?" Mo gbé òkúta kan sí i, òkúta náà sì kéré, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá ń ti ara wọn ṣubú lórí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì ni Ìyá Mọnsúrù wá pọn omi. Ògiri kan ló wà láàárín ilé wa àti tirẹ̀. Opó ni, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń tún ọ̀kadà ṣe ní Ṣakí, kànga wa ló sì ti ń pọn omi kí wọ́n tó bí mi. Òun ló se àgbo tí ibà mi fi lọ. Lẹ́kulẹ́ja ni lọ́jà: èèpo igi, egbò, eyín ẹran, ọ̀gà gbígbẹ, ohun gbogbo tí onísègùn lè béèrè ló wà lórí àtẹ rẹ̀. Ó gbé korobá tirẹ̀ sílẹ̀, ó lóṣòó ti tèmi, ó sì fi oríkì mi pè mí, "Àbẹ̀kẹ́, mélòó ni wọ́n?"

Ìyá mi ti kọ́ mi pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, àti pé ẹni tó bá ń ka ohun tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ní ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ó kà wọ́n fúnra rẹ̀. "Mẹ́ta," ó ní. "Jẹ́ kí wọ́n rí ẹrẹ̀ tí wọ́n á máa wọ̀, kí wọ́n rí oòrùn yá, kí wọ́n sì rí ibòòji sá sí. Má dé nǹkan mọ́ wọn lórí o." Ó fi ìka kan pa ẹ̀yìn èyí tó kéré jù. "Wọ́n á dàgbà." Mo ń wo ìka náà. Mo ní nínú mi pé, wọ́n á dàgbà fún ta ni?

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo mọ̀ọ́mọ̀ gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀ kọjá. Igbá ẹ̀yìn ìjàpá mẹ́rin ló tò síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọ̀gà, inú wọn ṣófo, eruku ti bò wọ́n. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí wọn níbẹ̀, n kò fìgbà kan kà wọ́n sí. Lọ́jọ́ náà, mo dúró kà wọ́n, mo sì ń wò ó bóyá ọ̀kan kéré láàárín wọn. Nígbà tí mo sọ fún Ìyá mi, kò yà á lẹ́nu rárá. "Mo gbọ́," ó ní. "Wá ibi tí ọwọ́ ò tó fún wọn."

Ibẹ̀ ni àṣìṣe ti wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, n kò wá ilé tí ìjàpá lè gbé mọ́. Ilé tí Ìyá Mọnsúrù kò ní lè nawọ́ sí ni mò ń wá.

Ìyá àgbà, ìyá tó bí Baba, ń rẹ aró nígbà ayé rẹ̀. Ìkòkò aró rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́yìnkùlé wa, wọ́n rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn, ara rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì dúdú síbẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò ọ̀pọ̀ ọdún ti fọ̀ ọ́. Mo kó ewé gbígbẹ inú rẹ̀ jáde, mo fi kànìnkànìn fọ̀ ọ́, mo kó àwọn mẹ́ta sí i pẹ̀lú omi àti òkúta. Mo gbé páànù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n tún òrùlé wa ṣe dé e lórí, mo sì yí ọlọ fífọ́ kan lé páànù náà. Ìyá mi wá wò ó. Ó fi ọwọ́ mi páànù, kò mì. "Ìyẹn dáa," ó ní. Ìyìn kì í jáde lẹ́nu Ìyá mi bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, inú mi sì dùn débi pé mo sọ ọ́ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà ní Òkè-Ògùn mọ ooru tó máa ń mú kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé, tí ilẹ̀ a máa jó ẹsẹ̀, tí ewúrẹ́ a máa wá inú ilé wá sùn. Ní ọjọ́ kẹta, mo dé láti ilé kéwú, mo fẹ́ gbé páànù sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n fún wọn ní oúnjẹ. Páànù náà jó mi lọ́wọ́. Èyí tó kéré jù ti léfòó, àyà rẹ̀ dojú kọ ọ̀run, àwọn méjì yòókù sì fara mọ́ ara ìkòkò, wọ́n la ẹnu sílẹ̀. Mo sunkún títí mo fi ń ṣe òsúkè. Bí mo ti ń sunkún náà ni mo ń wo ilẹ̀, mo sì rí ipasẹ̀ sílípáàsì lẹ́bàá ìkòkò. Mo ní ẹ wá wò ó, ẹnìkan ti da nǹkan sí i. Gbogbo àdúgbò wa ló ń wọ sílípáàsì, èmi náà pẹ̀lú.

Baba wá. Ó fi ọwọ́ kan páànù, ó sì yọ ọwọ́ kíá. "Ta ló gbé èyí síbí?" ó bi mí. Mo ní èmi ni, nítorí olè. Ó ní, "Olè kọ́ ló pa á, Muíbátù. Ooru ni." N kò gbà á gbọ́. Mo gbà pé ooru mú, ṣùgbọ́n mo tún gbà pé ooru nìkan kò lè dá a ṣe.

Òun fúnra rẹ̀ ló tún ilé náà kọ́. Ó fi ọ̀kadà kó ẹrẹ̀ odò wá, abọ́ ńlá méjì, ó kó o sínú ìkòkò ju ìdajì lọ, ó sì jẹ́ kó ga ní apá kan kí omi lè wà ní apá kejì. Ó gbé òkúta pẹlẹbẹ sí ibi tí oòrùn àárọ̀ ń kàn, ó da ààbọ̀ igbá bo apá ibòòji, ó wá fi àwọ̀n àtijọ́ bo ẹnu rẹ̀, ó sì fi òwú so ó yíká. Àwọn méjì tó kù gun orí òkúta náà kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n na ọrùn. Mo bi Baba bó ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní òun bi Ìyá Mọnsúrù ni. Mo wò ó, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, pé àgbà tó tó báyìí náà ni wọ́n lè tàn jẹ.

Òjò kò dé lásìkò lọ́dún náà. Kànga lọ sílẹ̀ débi pé okùn wa kò tó o mọ́, a fi òmíràn lé e. Ìyá mi ní omi tí a ó fi ṣe àlùwàlá gan-an kò tó, kí n má bu ẹ̀kán kan sí ìkòkò ìjàpá mọ́. Nígbà tí a gba ìsinmi, wọ́n rán mi lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Ìwéré-Ilé láti bá wọn ṣa kajú. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ràn ìrìn àjò yẹn nítorí èso dídùn tí a ó máa mu lábẹ́ igi, tí omi rẹ̀ a máa ba aṣọ jẹ́. Èmi kò gbádùn rẹ̀. Bí mo bá tẹ̀ ba láti ṣa kóró kan, ògiri ilé wa ni mò ń rí, mo sì ń bi ara mi léèrè pé ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí.

Mo lo ọjọ́ mẹ́wàá. Bí mo ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀yìnkùlé ni mo sáré gbà lọ, àpò mi ṣì wà lórí mi. Omi inú ìkòkò ti gbẹ tán. Ẹrẹ̀ ti le, ó ti sán bí ẹsẹ̀ àgbẹ̀. Àwọ̀n wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n òwú ti já ní igun kan. Mo ká ààbọ̀ igbá kúrò, mo yí òkúta. Kò sí ìjàpá kankan. Mo pe Ìyá mi, ó tẹ̀ ba, ó gbé òwú tó já náà sún mọ́ ojú, ó yí i wò bó ṣe máa ń yí ẹnu àpò gààrí wò. Oòrùn ti jẹ òwú náà gbó, ọmọdé lè fà á já, ẹni tó ń ta òwú sì yẹ kó mọ̀. "Ọwọ́ èèyàn ló já eléyìí," ó ní, ó sì wọlé lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, obìnrin mẹ́ta ló wà nídìí kànga, wọ́n ń dúró kí omi sun. Ìyá Mọnsúrù ti fa tirẹ̀ tán, ó ń wá òṣùká rẹ̀. Mo jáde síwájú wọn.

"Ìyá Mọnsúrù, ẹ kó ìjàpá mi méjèèjì padà fún mi. Ẹ ti kó wọn lọ sọ́jà."

Ìyá Mọnsúrù wò mí bí ẹni tí kò dá mi mọ̀. "Èmi, Àbẹ̀kẹ́?" ló wí. Kò bá mi wí, kò sì búra. Ó yíjú sí Ìyá mi, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó ń ká òwú, ó sì dúró. Mo mọ̀ báyìí pé ó ń dúró kí ìyá ọmọ pe ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn. Ìyá mi ń ká òwú lọ. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Mọnsúrù gbé korobá rẹ̀ tó kún, ó sì da omi náà padà sínú kànga wa, ó rọra dà á títí ó fi tán. Ó wá gbé korobá òfìfo lọ sílé.

Kò padà wá. Omi ẹ̀rọ ilé ìwé tó wà ní òdìkejì títì ló ń lọ pọn, mo sì máa ń rí i bó ṣe ń kọjá pẹ̀lú korobá lórí, tí yóò dúró sinmi lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó dé ilé. Ká má purọ́, ojú kò tì mí. Mo ń sọ fún ara mi pé, bí kò bá ṣe é, kí ló ń sá fún? Baba lọ bẹ̀ ẹ́, obìnrin náà ní òun ò bínú. Nígbà tí Baba dé, ó pè mí sídìí òfì rẹ̀. "Ṣé o rí i níbi tó ti kó wọn?" Mo ní rárá. "Ṣé ẹnì kan rí i?" Mo ní rárá. Kò tún pa òwe kankan fún mi lọ́jọ́ náà. Ó kọjú sí iṣẹ́ rẹ̀, mo sì dúró níbẹ̀ títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí òjò tó dé. Ọ̀sán ló rọ̀, ó rọ̀ gan-an, òórùn ilẹ̀ tútù kún gbogbo àgbàlá. Wọ́n ní kí n lọ gbé ìkòkò àti abọ́ sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé. Bí mo ṣe ń sáré kọjá lẹ́bàá ìkòkò aró, mo rí i pé omi ti kún orí ẹrẹ̀ rẹ̀, orí kékeré méjì sì yọ lójú omi náà, ọrùn wọn gùn, ojú wọn là sílẹ̀, wọ́n ń wò mí.

Ṣé ẹ mọ ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn? Mo ní, "Ó ti dá wọn padà." Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe sọ ọ́ fún Baba nínú òjò, pé ẹ̀rù ti ba Ìyá Mọnsúrù, pé ó ti kó wọn wá síbẹ̀ nígbà tí a kò sí nílé. Baba fa ọwọ́ mi lọ sídìí ìkòkò, ó gbọ́n omi díẹ̀ kúrò, ó sì fi ìka hàn mí. Ihò méjì ló wà nínú ẹrẹ̀ náà, ẹnu wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, fífẹ̀ wọn kò ju ẹ̀yìn ìjàpá lọ. Ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn àwọn méjèèjì, òjò ń fọ̀ ọ́ kúrò. "Níbo ni mo ti rí wọn lọ́jọ́ kìíní?" ó bi mí. Mo ní, "Nínú ilẹ̀." Ó ní, "Ṣé omi ti gbẹ níbẹ̀ nígbà náà?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Ojú wá tì mí nígbà náà, ó tì mí débi pé mo fẹ́ bá àwọn ìjàpá wọ inú ihò lọ.

Èmi nìkan ni Baba rán lọ bá Ìyá Mọnsúrù. Fìlà rẹ̀ ló kó àwọn méjèèjì sí, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ìyá mi rí mi bí mo ṣe ń jáde, ó ní kí n wọ bàtà, kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá Mọnsúrù ń gbọ́n omi òjò kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sínú omi náà, mo na fìlà sí i, ọ̀rọ̀ tí mo ti tò sílẹ̀ sì fò lọ. Ó wo inú fìlà. Mo ń dúró kí ó kà wọ́n, mo fẹ́ kí ó kà wọ́n. Kò kà wọ́n. Ó mú ojú kúrò níbẹ̀ bí ẹni tó ṣèèṣì wo inú yàrá onílé. "Dìde, ilẹ̀ tutù," ó ní. "Ibà ò gbọdọ̀ tún mú ọ."

Ó dárí jì mí. Ó tún se àgbo fún mi lọ́dún tó tẹ̀lé e, ó sì ń pè mí ní Àbẹ̀kẹ́ títí ó fi kó lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ṣakí. Ṣùgbọ́n kò pọn omi nílé wa mọ́, kódà nígbà tí kànga kún dé ẹnu. Ìyá mi rán mi lẹ́ẹ̀kan láti pè é, torí ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé ẹ̀bi náà kan òun. Ìyá Mọnsúrù dúpẹ́, ó ní omi ilé ìwé ti mọ́ òun lára. Nígbà tí odò kún, Baba àti èmi dá àwọn ìjàpá náà padà sínú rẹ̀, wọ́n sì rì lẹ́ẹ̀kan náà láìwẹ̀yìn.

Èmi náà ti di onílé ní Ìsẹ́yìn yìí. Ọmọ mi obìnrin, Ramóta, ní ìjàpá omi mẹ́rin tí bàbá rẹ̀ rà fún un lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, n kò sì jẹ́ kí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa fi báàfù àti agbọ̀n dán an wò. Agbada omi fífẹ̀ ni mo ṣe fún wọn, pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó jìn, òkúta pẹlẹbẹ, oòrùn lápá kan, ibòòji lápá kejì, kò sì sí ìdérí. Nípa ilé ìjàpá, mo ju ọmọ ọdún mẹ́wàá yẹn lọ dáadáa. Ilé tèmi ni ẹ bá wá wò: ògiri rẹ̀ ga, irin wà lójú gbogbo fèrèsé, àgádágodo méjì ló wà lẹ́nu géètì, bí èèyàn bá sì kàn án, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo máa ń béèrè pé ta ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyàwó kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba yàrá ní òdìkejì wa wá pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, ó ní kí n ṣàánú òun pẹ̀lú omi, pé ẹ̀rọ tiwọn ti bàjẹ́. Mo ṣílẹ̀kùn fún un. Bí kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ ṣe ń kún lọ́wọ́, ó rí agbada náà, ó sì lóṣòó tì í. "Ìyá Ramóta," ó ní, ó ń rẹ́rìn-ín, "mélòó ni wọ́n?"

Mo rí korobá Ìyá Mọnsúrù, mo rí omi tó ń padà sínú kànga. Mo ní, "Mẹ́rin ni, ìyàwó. Bí omi yín bá tún tán, ẹ máa bọ̀ o." Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́, ó gbé omi rẹ̀ lọ. Mo ti àgádágodo méjèèjì, mo sì lọ sídìí agbada, mo kà wọ́n.